Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fún Wọn Láṣẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Dídá Yunifásítì Ayédèrú Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Mọ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, wá bá mi nílé ní Ìlọrin, ó sì mú ìwé kan dání tó fi ọ̀rá wé dáadáa. Ìwé ẹ̀rí oyè ọmọbìnrin rẹ̀ ni: bébà tó nípọn, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ìbuwọ́lùwé ènìyàn mẹ́ta. Oṣù 14 ni ọmọ náà fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n san owó, wọ́n sì ti se ìrẹsì fún ará àti ọ̀rẹ́ nígbà tí ìwé náà dé. Ìgbà tí ọmọ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún oyè kejì ni wọ́n tó sọ fún un pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ní òun wà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka tọ́ òǹtẹ̀ náà, ó ń wí pé, "Àbúrò mi, ìwọ náà wò ó. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, nítorí pé gbogbo ẹ̀rí tí ìdílé náà gbójú lé, láti orí òǹtẹ̀ dé orí fọ́tò ọgbà tó rẹwà, ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti gbà á. Wọn kò bi ẹlòmíràn. Ìlànà kan ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, òun náà ni yóò sì máa padà wá nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí: ẹ má ṣe bi ilé ẹ̀kọ́ bóyá ojúlówó ni, ẹ bi ẹni tó fún un láṣẹ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, láìgba orí líǹkì tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú, orílẹ̀-èdè àti àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀. Èyí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n orúkọ tó jọra ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn oníjìbìtì ń lò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Axact ní ìlú Karachi, lórílẹ̀-èdè Pakistan, tó ń ta ìwé ẹ̀rí láti orí ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń ṣe bí ilé ẹ̀kọ́. Columbiana àti Barkley wà lára orúkọ tí wọ́n lò, ẹni tó bá sì ń kánjú yóò rò pé Columbia àti Berkeley ni òun ń kà. Bí wọ́n bá sọ orúkọ náà fún yín lórí fóònù nìkan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ́ ti dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bí ó bá ní Nàìjíríà ni òun wà, ẹ lọ sọ́dọ̀ NUC

Àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì nílẹ̀ wa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NUC, ti wà láti ọdún 1962, olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àbújá. Yunifásítì ìbáà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti aládàáni, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí NUC fọwọ́ sí, kò ní àṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní oyè nílẹ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ náà wà fún gbogbo ènìyàn ní nuc.edu.ng, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì yẹn sórí fóònù yín.

Mo máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi èyí tí wọ́n mọ̀ dánra wò. Ẹ wá Yunifásítì Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, Al-Hikmah tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, KWASU ní Malété ní 2009, Landmark ní Òmù-Àrán ní 2011, àti Summit ní Ọ̀fà ní 2015. Ẹ ó rí bí ojúlówó ṣe máa ń hàn: orúkọ, irú ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́, ọdún tó gba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pólì ni, bí irú ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀fà, àjọ NBTE ní Kàdúná ni ẹ ó bi; bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni bí irú èyí tó wà ní Òró, NCCE ni.

Ọ̀fìn mẹ́ta ló wà níhìn-ín tí mo ti rí kí àwọn ọmọlúàbí ènìyàn jìn sí, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí wọn.

Èkíní ni ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti òwò sílẹ̀. Bí ẹ bá béèrè àṣẹ, wọn a mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ jáde, nọ́ńbà RC yóò wà lórí rẹ̀, ojúlówó ni ìwé náà sì lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí CAC ń jẹ́rìí sí ni pé orúkọ kan wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò. Ẹni tó fẹ́ ta páànù ní Ìpàtà tàbí tó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì náà ń gba irú rẹ̀. Kò sí agbára fífún ènìyàn ní oyè nínú rẹ̀ rárá.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò bófin mu, tí NUC máa ń gbé jáde láti kìlọ̀ fún aráàlú. Ó yẹ kí ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wí pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín kò ti sí níbẹ̀, kò séwu. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá kò lè tíì dé inú rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ àwọn tí a fọwọ́ sí ni ẹ̀rí wà.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ wa jù lọ ní agbègbè yìí: "sẹ́ńtà" tó ní òun jẹ́ ẹ̀ka yunifásítì ńlá kan. Yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù ni, tàbí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń yá lò ní ọ̀sán Sátidé, pátákó rẹ̀ sì ń gbé orúkọ tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún. Yunifásítì tí wọ́n dárúkọ lè jẹ́ ojúlówó, kí sẹ́ńtà náà má sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà yunifásítì náà fúnra rẹ̀, kí ẹ béèrè ohun méjì: ṣé ẹ mọ sẹ́ńtà yìí, ṣé NUC sì fọwọ́ sí i pé kí ẹ máa kọ́ni níbẹ̀? Lẹ́tà tí wọ́n gbé sínú férémù sára ògiri sẹ́ńtà kò tó.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó ń wá oyè àkọ́kọ́ ní àkókò kíkún. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń fi ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS ṣe ìgbàwọlé. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní òun ti gbà yín wọlé, tí orúkọ yín kò sì sí lórí CAPS, ìgbàwọlé náà kò tíì wáyé, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ ṣe agùnbánirọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè nípa kọ́ọ̀sì yín

Àṣẹ tí yunifásítì ní láti wà yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbà. NUC ń yẹ kọ́ọ̀sì wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọdún 5 ni ìfọwọ́sí kíkún máa ń lò, ọdún 2 ni ti onígbà díẹ̀, èyí tó bá sì kùnà kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Nítorí náà, yunifásítì tó dára lè ní kọ́ọ̀sì kan tí kò tíì gba ìfọwọ́sí. Fún iṣẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, òfin, ìṣègùn àti iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ tún gbọ́dọ̀ bi àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ náà ní láíséǹsì, nítorí pé oyè láìsí láíséǹsì kò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ó bá ní òkè òkun ni òun wà

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń fúnni láṣẹ, ẹni náà sì ni ẹ ó wá lọ. Gánà ní àjọ GTEC ní Àkrà. Ilẹ̀ England ní Office for Students, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń sọ ilé ẹ̀kọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí fífúnni ní oyè. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, whed.net ń kó orúkọ yunifásítì tí ìjọba orílẹ̀-èdè wọn mọ̀ jọ láti gbogbo àgbáyé.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́jú pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayédèrú ń sọ pé àwọn wà. Ìjọba àpapọ̀ wọn kì í fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí yunifásítì. Àwọn àjọ aládàáni ló ń ṣàyẹ̀wò, Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ CHEA ló sì ń sọ èwo nínú àwọn àjọ wọ̀nyí ni àwọn mọ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì dá àjọ ìfọwọ́sí tiwọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹnì kan náà yóò sì máa darí méjèèjì. Àjọ náà yóò ní ìkànnì, yóò ní lógò, orúkọ rẹ̀ yóò ní "International" àti "Council" nínú, bí ẹ bá sì kọ lẹ́tà sí i, yóò fèsì kíákíá pé ilé ẹ̀kọ́ náà dára. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan kò fi tó. Ẹ béèrè pé: ta ló fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí? Kí ẹ tún béèrè pé: ta ló mọ ẹni tó fọwọ́ sí i? Ìbéèrè kejì gbọ́dọ̀ parí sí ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí CHEA. Bí ó bá ń yí po láàárín àwọn tó ń yin ara wọn, ẹ dìde níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ìjọba gidi ni wọ́n máa ń dárúkọ, síbẹ̀ ayédèrú náà ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Saint Regis, tí tọkọtaya kan ń darí láti ìlú Spokane ní Amẹ́ríkà, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Làìbéríà ní owó ẹ̀yìn kí ó lè máa sọ pé Làìbéríà fọwọ́ sí òun. Ní ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní ìlú kan ni òun ti ń ṣiṣẹ́, tó sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn tó jìnnà ló fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí òǹtẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní apostille pẹ̀lú, nítorí irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka tọ́ lọ́jọ́sí. Ìjọba ló ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé tó wà lórí bébà ló ń jẹ́rìí sí. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdírẹ́sì ìkànnì tó parí sí .edu náà kò tó ẹ̀rí: láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ní kí ó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìfọwọ́sí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbà á ṣáájú ìgbà náà ṣì ń lò ó.

Ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin Republic) kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Kwara bá wọn pààlà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ti gba ibẹ̀ lọ wá ìwé. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ṣíṣàyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè láti ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, tó sì fi ìwé náà wọ agùnbánirọ̀. Ó dùn mí gan-an fún àwọn tó jókòó kẹ́kọ̀ọ́ ní ojúlówó yunifásítì níbẹ̀, tí ìgbésẹ̀ náà sì kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò ìwé òkè òkun gbọ́dọ̀ lọ bi Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkè òkun, bóyá wọn yóò gbà á, kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tajà

Àwọn kan máa ń rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni àléébù. Rárá o, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. NOUN, yunifásítì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ó sì ní sẹ́ńtà ní Ìlọrin. Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ ní ètò ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn tí NUC fọwọ́ sí. Miva jẹ́ ti aládàáni tó gba àṣẹ ní 2023. University of the People ní Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ kéré, ti ní ìfọwọ́sí tí ìjọba ibẹ̀ mọ̀ láti 2014. Ohun tó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. NOUN kì í béèrè ìdánwò UTME, ṣùgbọ́n ó ń béèrè krẹ́díìtì márùn-ún, ẹ ó sì jókòó ṣe ìdánwò.

Ayédèrú máa ń sáré gbà yín. Wọ́n máa ń sọ pé ìrírí ayé yín ti tó oyè, kí ẹ sáà san owó. Ní ọdún 2004, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Pennsylvania dá ọgbọ́n kan láti mú irú wọn: wọ́n forúkọ ológbò kan, Colby Nolan, sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Texas tó ń jẹ́ Trinity Southern, wọ́n sì kọ iṣẹ́ tí ológbò náà "ti ṣe rí" sínú fọ́ọ̀mù. Oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ náà ka fọ́ọ̀mù, ó ní pẹ̀lú irú ìrírí bẹ́ẹ̀, oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò ló tọ́ sí i. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, àwọn òbí tó ń kó owó àjọ fún irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rò.

Ẹ ṣọ́ iye owó tí wọ́n dá lé odidi oyè dípò kọ́ọ̀sì tàbí sáà. Ẹ ṣọ́ "ẹ̀dínwó tó máa parí lálẹ́ òní". Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ènìyàn. Bí wọ́n bá ní ẹ lè yan ọdún tí wọn yóò kọ sórí ìwé ẹ̀rí, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi lọ̀ yín, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Oyè ọlá tí wọ́n ń tà ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà wà nínú òwò yìí. Àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì wa ti fẹnu kò ní Keffi ní ọdún 2012 pé ẹni tó bá gba oyè ọlá kò gbọdọ̀ máa fi "Dókítà" ṣáájú orúkọ, ojúlówó oyè ọlá ni wọ́n sì ń sọ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi fóònù yín ṣe ìwádìí díẹ̀

Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní òun ti wà láti 1985, tí ìkànnì rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún kan, ní àlàyé láti ṣe. Ẹ fi Google wá fọ́tò ọgbà wọn àti ti àwọn olùkọ́. Mo ti rí ilé ìwé kan tí fọ́tò ilé ìkàwé rẹ̀ jẹ́ ti yunifásítì mìíràn pátápátá. Ẹ béèrè orúkọ olórí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, dípò aṣojú tó wà lórí WhatsApp. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lọ bi ẹni tí ẹ ó gbé ìwé náà fún lọ́jọ́ iwájú: ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti fẹ́ ṣe oyè kejì, tàbí iléeṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìdáhùn wọn wúlò ju ti ẹnikẹ́ni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín.

Bí owó bá ti jáde

Ẹ má san mọ́, ohun yòówù kí wọ́n fi halẹ̀. Wọ́n lè pè yín kí wọ́n ní àwọn jẹ́ ìjọba, pé ìwé yín nílò òǹtẹ̀ mìíràn tí ẹ ó sanwó fún. Àwọn kan náà ni. Ẹ pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kó rìsíìtì, lẹ́tà àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ jọ láìpa ọ̀kan rẹ́, kí ẹ sì mú ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC, àti NUC bí ó bá jẹ́ nílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má ṣe fi ìwé náà wá iṣẹ́. Ní báyìí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni ẹ jẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e síwájú agbanisíṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀, ẹ̀yin náà ti di ara ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú ọmọ. Ìtìjú ló mú kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, nínú oṣù mẹ́ta yẹn ló sì tún san owó kan sí i. Ìwé WAEC rẹ̀ kò bàjẹ́, òun ni a gbé lọ sí NOUN, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní pẹ̀lú àwọn tó fi ọdún mẹ́rin jù lọ. Ìyá rẹ̀ fi ìwé olóǹtẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní kí n máa fi han àwọn òbí tó bá wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.